Aláǹgbá Kọ̀wé Fiṣẹ́ Sílẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó fò lókè afárá Ojúẹlẹ́gba, ó ré Ìdí-Òro kọjá, kò bà lé ọlọ́pàá lórí, kò bà lé agbèrò lórí. Orí Aláǹgbá akọ̀ròyìn ló bà lé, àti Erin tó ni ìwé ìròyìn, àti Ẹlẹ́dẹ̀ agbaṣẹ́ṣe.

Ní ayé ìgbà kan, ìgbà náà kò sì jìnnà, nítorí owó dánfó láti Múṣin dé Yábàá ti wọ́n gógó nígbà yẹn, àwọn ẹranko ní ìwé ìròyìn tiwọn nílùú Èkó. Àwọn kọ́ ló kọ́kọ́ dá a láṣà. Àwọn èèyàn ti ń tẹ tiwọn ní Abẹ́òkúta láti 1859, nígbà tí Henry Townsend, òyìnbó oníṣọ́ọ̀ṣì, bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá, tó ń tà á ní 120 owó ẹyọ. Ẹ má bi mí bóyá ó ń san owó àwọn tó ń bá a to lẹ́tà. Àlọ́ ni mò ń pa.

Aláǹgbá kò lọ sí yunifásítì Akọkà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ èèyàn níṣẹ́ ìròyìn láti 1966. Ara ògiri ló ti kọ́ tirẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ògiri Múṣin ló sì lanu jù ní gbogbo Èkó. Bí wọ́n bá ń pín owó ní káńsù, Aláǹgbá wà lókè àjà. Bí ọlọ́pàá bá ń ná owó béèlì mọ́ ìyá arúgbó kan lọ́wọ́, ẹ̀yìn pátákó tí wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì, ibẹ̀ gan-an ló lẹ̀ mọ́.

Tí ilẹ̀ bá mọ́, Ìyá Adìẹ á ti tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀ lábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, á fi òkúta kéékèèké tẹ orí wọn torí atẹ́gùn mọ́tò. Ẹgbẹ́ Akàwé-Lọ́fẹ̀ẹ́ á ti pé síbẹ̀: Ewúrẹ́, Àgùntàn, Ajá tó ti ń wáṣẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́, Pẹ́pẹ́yẹ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan ló ń kà. Wọn kì í rà. Wọ́n á na ọrùn, wọ́n á ka àkọlé, wọ́n á bá ara wọn jà lórí ìjọba fún wákàtí kan. Bí Ewúrẹ́ bá fẹ́ yọ́wọ́ ṣí ojú ìwé kejì, Ìyá Adìẹ á sọ ọ́ lẹ́nu: "Ìta nìkan ni tiyín! Inú ń bẹ fún olówó!" Tí wọ́n bá wá rí orúkọ Aláǹgbá lábẹ́ àkọlé, orin dé nìyẹn. Ẹ bá mi gbè é o.

Aláǹgbá orí ògiri,
*Kọ ọ́, ká kà á.*
Kí lo rí nílé alágbára?
*Kọ ọ́, ká kà á.*
Bí wọ́n bá fowó dí ọ lẹ́nu ńkọ́?
*Kọ ọ́, ká kà á.*
Bí wọ́n bá filẹ̀kùn há ọ nírù ńkọ́?
*Ìrù á tún hù! Kọ ọ́, ká kà á.*

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe é. Ìrù rẹ̀ já lẹ́ẹ̀mejì láàárín rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn kọmíṣọ́nnà kan. Ó tún hù lóòótọ́.

Ó wá ku Erin. "Alága" ni gbogbo wọn ń pè é. Ọdún tó fẹ́ díje sẹ́nétọ̀ ló dá ìwé ìròyìn sílẹ̀. Ìbò lọ, ìwé ìròyìn ló kù sí i lọ́rùn. Oṣù mẹ́sàn-án gbáko ni kò sanwó fún ẹnikẹ́ni. Sùúrùlérè nilé rẹ̀ wà, orúkọ àdúgbò náà ló sì fi ń dá wọn lóhùn bí wọ́n bá wá bẹ̀ ẹ́: "Sùúrù lérè, ẹ̀yin ọmọ mi. Àbí mi ò fún yín ní káàdì ni? Ẹni tó gbé káàdì ìwé ìròyìn kọ́rùn nílùú Èkó, tó tún ń pariwo ebi, ọ̀lẹ ni." Á wá gun jíìpù rẹ̀, jíìpù á rì díẹ̀, ó di gbéré.

Ohun tí Alága ń wí yé wọn. Àpòòwé ló ń wí. Ẹni tó bá pe oníròyìn sí ìpàdé á ki nǹkan bọnú àpòòwé, á ní owó ọkọ̀ ni. Èmi tí mò ń pa àlọ́ yìí ti rí owó ọkọ̀ tó lè gbé èèyàn láti Fádèyí dé Mẹ́kà, kó gbé e padà. Aláǹgbá kì í gbà á. Ẹ dákun, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́ fún un: àkàrà tí Ìyá Ọmọńlé, ìyàwó rẹ̀, ń dín ní Olóòṣà láti ago márùn-ún ìdájí ló ń gbọ́ bùkátà ìwà mímọ́ ọkọ rẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, wọ́n gbéṣẹ́ gọ́tà kan fún Ẹlẹ́dẹ̀ ní Múṣin. Gọ́tà 800 mítà ni wọ́n kọ sínú ìwé. Owó rẹ̀ sì ti jáde pátá. Aláǹgbá lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, ó na gbalaja sínú gọ́tà, ó fi ara rẹ̀ ṣe ọ̀pá ìwọ̀n: imú níbí, ìrù lọ́hùn-ún, ó sàmì sí i, ó tún na gbalaja. Àwọn ọmọ kéékèèké ń tẹ̀ lé e, wọ́n ń bá a kà. Nígbà tó nà dé 140, imú rẹ̀ gbá iyẹ̀pẹ̀. Gọ́tà tán. Gbogbo rẹ̀ kò ju 35 mítà lọ. Ó tún padà sẹ́yìn, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, bóyá òun ló gùn sí i lójijì.

Òwìwí ni olótùú wọn. Oorun ló máa ń sùn lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n kò sí àṣìkọ tó lè sá mọ́ ọn lọ́wọ́ lóru. Ó ka ìròyìn náà tán, ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ kalẹ̀. "Àbúrò," ó ní, "ojú ìwé kìíní nìyí." Nígbà tó fi máa di ago mẹ́wàá alẹ́, wọ́n ti to ojú ìwé, àwòrán gọ́tà ti jókòó sínú rẹ̀. Ago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méje, fóònù Òwìwí dún. "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Òwìwí wí. Ó wí i lẹ́ẹ̀mejìlá. Aláǹgbá kà á.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, Ẹlẹ́dẹ̀ ló wà lójú ìwé kìíní, tòun ti agbádá, tòun ti fìlà abetí-ajá. Ó pé ọgọ́ta ọdún. Ojú ìwé kẹta, àwọn ọmọ rẹ̀ ń kí i. Ojú ìwé karùn-ún, àwọn agbaṣẹ́ṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i, "akínkanjú, olùfẹ́ ìlú". Alága fúnra rẹ̀ kí i lójú ìwé tó kẹ́yìn. Ojú ewé gọ́tà tí wọ́n yọ kúrò, Aláǹgbá ká a, ó fi há abíyá lọ sílé. Ìyá Ọmọńlé kò mọ ohun tó jẹ́; ó fi wé àkàrà fún oníbàárà ní ìdájí ọjọ́ kejì. Nítorí náà a kò lè sọ pé ẹnikẹ́ni kò ka ìròyìn náà. Onímàrúwá kan kà á títí dé ibi tí epo ti bò ó.

Òjò wá dé. Omi rọ́ wọ gọ́tà, ó sáré 35 mítà, ó bá iyẹ̀pẹ̀, ó yà. Ilé tó yà sí, ilé Aláǹgbá wà níbẹ̀. Ẹ̀wà tí Ìyá Ọmọńlé rẹ sílẹ̀ fún àkàrà léfòó lọ sí yàrá kejì. Ọmọńlé, ọmọ wọn, sá gun òkè àjà, ìdí nìyẹn tó fi ń gbé ara àjà títí di òní olónìí, tí kò fẹ́ sọ̀ mọ́. Bí wọ́n ti ń gbọ́nmi lọ́wọ́ ni Òkété onílé yọjú. Wọ́n rò pé ó wá kí wọn kú ewu ni. Owó ilé ló wá béèrè.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo, ká ṣòkòtò sókè, ó fi bàtà dání, ó wọlé. Ìjàpá ti ṣe akọ̀ròyìn rí, fún oṣù mẹ́rin. "Iṣẹ́ wà," ó ní, "ní Yábàá. Ẹlẹ́dẹ̀ ń wá ẹni tí á máa bá a kọ̀wé sí aráyé. Orúkọ ẹ ló dá."

Aláǹgbá ní, "Ẹlẹ́dẹ̀ wo?"

"Ẹlẹ́dẹ̀ mélòó lo mọ̀? Aláǹgbá, jókòó. Lateef Jakande, ṣé kì í ṣe akọ̀ròyìn ni, ní Daily Service, ní Tribune? Ní 1979 ó di gómìnà Èkó. Olúṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, ṣé òun kọ́ ló ń sáré ìròyìn kiri fún Daily Times? Ó jẹ gómìnà Ògùn lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2007, Olúṣẹ́gun Adéníyì kúrò ní ThisDay, ó lọ di agbẹnusọ Yar'Adua. Ní 2011, Reuben Abati kúrò ní Guardian, ó lọ bá Jonathan. Ní 2015, Fẹ́mi Adéṣínà kúrò ní Sun, ó lọ bá Buhari. Ta ló kú síbẹ̀ nínú wọn?"

Aláǹgbá kò tíì rí ohun tó máa wí tí Ìyá Ọmọńlé fi nàró, bọ́kẹ́ẹ̀tì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ẹni tí mo mọ̀ pé ó kú ni Dele Giwa," ó ní, "irú iṣẹ́ tí ọkọ mi ń ṣe yìí náà ló ń ṣe. Àpòòwé ni wọ́n gbé wá bá a nílé ní Ìkẹjà ní 1986, bọ́ǹbù ló wà nínú ẹ̀. Bàbá Ọmọńlé, àpòòwé olówó, ẹ ò gbà. Ti kejì yẹn ni mò ń bẹ̀rù. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ." Ó tẹ̀ ba, ó ń gbọ́nmi rẹ̀ lọ.

Aláǹgbá lọ bá Òwìwí lóru. Òwìwí gbọ́ ọ tán, ó ní Jakande kò kúrò nídìí ìwé ìròyìn lọ gbé fóònù fún ẹnikẹ́ni. Òun ni wọ́n ń pè. Ó rán an létí Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti Guardian, tí ìjọba ológun fi Òfin Kẹrin dá ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ní 1984, nítorí ìròyìn àwọn aṣojú tí wọ́n fẹ́ rán lọ sókè òkun.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Aláǹgbá wí, "ṣé wọ́n ń gba owó oṣù?"

Òwìwí yí orí rẹ̀ sẹ́yìn pátápátá, gẹ́gẹ́ bí àwọn òwìwí ti ń ṣe, kò fèsì.

Ẹni tó ń fi ogún ìṣẹ́jú kọ ìròyìn ojú ìwé kìíní fi ọjọ́ mẹ́ta kọ ìlà mẹ́ta: mo dúpẹ́, mò ń lọ, ire o. Èsì Alága kò pẹ́. Nínú gbogbo ìwé tó ti jáde lọ́fíìsì Erin, kò sí èyí tó yá tó o: níwọ̀n ìgbà tí Aláǹgbá kò ti fún ilé iṣẹ́ ní ìkìlọ̀ oṣù kan, ó jẹ ilé iṣẹ́ ní owó oṣù kan, kó tètè wá san án. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ra Gala méjì àti mínírà ní àwìn, wọ́n fi kí i pé ó dìgbà. Bó ti ń jáde, atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn yàrá ìròyìn, gbà! Ó há a nírù. Kò dúró fà á. Ó já a sílẹ̀, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìrù sì kù sórí tábìlì, ó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan gbé ìgbálẹ̀. "Fi í síbẹ̀," ni Òwìwí wí. "Ó lè wúlò."

Ọ̀nà Herbert Macaulay ni ọ́fíìsì Ẹlẹ́dẹ̀ wà. Macaulay tí wọ́n fi sọ ọ̀nà náà ní ìwé ìròyìn nígbà ayé rẹ̀, Lagos Daily News. Ohun tó tẹ̀ sínú rẹ̀ ló sì gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní 1928. Lóde òní, àwọn ọmọ oníkọ̀ǹpútà ló kún àdúgbò yẹn, àwọn tí Mark Zuckerberg wá fẹsẹ̀ rìn láàárín wọn ní 2016. Ìyá Ọmọńlé kúkú sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé tẹ́ẹ̀kì lọkọ òun wà, ọ̀rọ̀ tán.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún Aláǹgbá ni ti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀jẹ̀ aláǹgbá kì í dá gbóná. Oòrùn ló ń yá iná lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlẹ́dẹ̀ ní tirẹ̀ kórìíra oòrùn, nítorí náà ọ́fíìsì rẹ̀ tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, ọrùn Aláǹgbá bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ó ń gbé e sókè, ó ń gbé e sílẹ̀, kó má baà gan pa.

"Ǹjẹ́ a kò gbìyànjú lórí gọ́tà yẹn?" ni Ẹlẹ́dẹ̀ bi wọ́n. Orí Aláǹgbá lọ sókè, ó wá sílẹ̀.

"Ká kúkú máa pe 35 mítà yẹn ní ìpele kìíní ńkọ́?" Orí lọ sókè, ó wá sílẹ̀.

"Ẹ wo ọlọ́gbọ́n! Níbo lẹ ti ń gbé irú èyí pa mọ́?" Kí oṣù tó parí, wọ́n fowó kún owó rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ àlọ́ mìíràn pé ọ̀rọ̀ iṣu olóko ló sọ aláǹgbá di amirí. Ẹ da ìyẹn nù. Yábàá ló ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù parí, owó wọlé,
*Mi orí, mi orí.*
Ilé gbẹ, ọmọ wọ bàtà,
*Mi orí, mi orí.*
Gọ́tà wa dà, Aláǹgbá?
*Mi orí, mi orí.*

Ẹ má fi orin yẹn rẹ́rìn-ín jù. Ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n oṣù, fóònù dún gbìn, àláàtì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ jọ ka òdo ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdájí ọjọ́ kejì, ago márùn-ún kọjá, Ìyá Ọmọńlé kò dìde. Àyà Aláǹgbá já. Ó fọwọ́ kàn án bóyá ara rẹ̀ kò yá ni. Oorun ló ń sùn. Ago méje ló jí, ó ní oòrùn ti mọ́lẹ̀ sí ojú fèrèsé yìí rí ni?

Oṣù kejì, Ẹlẹ́dẹ̀ ní kó kọ̀wé fún àwọn oníròyìn lórí ọ̀rọ̀ gọ́tà, torí ìlú ti ń kùn. Aláǹgbá jókòó tì í láti àárọ̀. Ó kọ ọ́ pé ìpele kìíní iṣẹ́ náà ti parí pátápátá. Ó wò ó: òótọ́ ni. Ẹ̀wẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni tó bá omi lọ. Òótọ́ ni, ẹ̀wà nìkan ló bá omi lọ. Ó kọ ọ́ pé iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́ lórí àwọn ìwé ìpele kejì. Òótọ́ ni, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ wọ́n. Ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń yẹ̀ ẹ́ wò láyé ọjọ́un, kò rí irọ́ kan ṣoṣo níbẹ̀. Ó fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé ìwé ìròyìn ní ago mẹ́rin.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dá ọkọ̀ tí ilé iṣẹ́ fi ń gbé e dúró sábẹ́ afárá Ojúẹlẹ́gba, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Adìẹ gan-an. Ìwé ìròyìn Erin ló wà lókè àtẹ. Ojú ìwé kìíní: ÌPELE KÌÍNÍ GỌ́TÀ MÚṢIN PARÍ. Wọn kò yí ọ̀rọ̀ kan padà. Kódà àmì ìdánudúró tó ṣì fi sí méjì, ó jókòó síbẹ̀ ní méjì. *Láti ọwọ́ Akọ̀ròyìn Wa.*

Ewúrẹ́ ní irọ́ ni. Àgùntàn ní bí kì í bá ṣe òótọ́, wọn kò ní gbé e. Ajá kò dá sí i. Ó ń wá orúkọ. "Aláǹgbá ló kọ èyí," ni Ìyá Adìẹ wí. "Ọwọ́ ẹ̀ nìyí. Ta ló tún ń fi 'ẹ̀wẹ̀' bẹ̀rẹ̀ ìlà kejì?" Inú wọn dùn. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kà á kẹ́yìn. Ajá gbé e: *Aláǹgbá orí ògiri!* Gbogbo wọn gbè é: *Kọ ọ́, ká kà á!* Nínú ọkọ̀, lẹ́yìn gíláàsì dúdú, amúlétutù ń fẹ́ sí Aláǹgbá lọ́rùn, orí rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Òwìwí pè é. "Àbúrò, ìrù ẹ ṣì wà lórí tábìlì níbí. Èmi àti òun ló kù nínú yàrá ìròyìn. Ojú ìwé kẹta ṣófo. Bá mi fi nǹkan ránṣẹ́ kó tó di ago méje."

"Nípa kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ohunkóhun tí ọ̀gá ẹ bá fẹ́."

Aláǹgbá dákẹ́ díẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, owó oṣù mẹ́sàn-án mi ńkọ́?"

"Ó yẹ kó ti di mọ́kànlá," ni Òwìwí wí. "Ìwọ náà lo ṣáà ń kọ ọ́."

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Alẹ́ ọjọ́ tí Aláǹgbá kọ ìwé gọ́tà yẹn, ó dúró níwájú díńgí, ó lu agogo ẹnu tirẹ̀ wò: pó, pó, pó. Ó ró ketekete. Ó tún un lù, bóyá agogo ló bàjẹ́. Ó tún ró. Èmi náà rèé o: pó. Pó.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ olótùú.